Kọ́bọ́ì kì í ṣe ajagun: òṣìṣẹ́ tó ń da màlúù ni

Ẹni tó bá ti wo fíìmù kọ́bọ́ì rí á máa rò pé ẹṣin gígùn àti ìbọn yínyìn niṣẹ́ wọn, òyìnbó sì ni gbogbo wọn. Irọ́ ni méjèèjì. Irọ́ náà sì ń dùn mí, torí ó ti bo àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí lọ́dún 1865, màlúù pọ̀ ní Texas débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lówó lórí mọ́. Èyí tí wọ́n ń tà ní nǹkan bíi dọ́là 4 níbẹ̀ lè tó dọ́là 40 lápá àríwá. Kò sì tíì sí ojú irin tó so Texas mọ́ ọjà yẹn. Láti 1867, ńṣe ni wọ́n ń da agbo lọ sí Abilene ní Kansas, níbi tí wọ́n ti ń kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin. Agbo kan lè ní màlúù 2,000 sí 3,000, kí àwọn tó ń dà á má sì ju mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ. Máìlì 10 sí 15 ni wọ́n ń rìn lójúmọ́. Wọn kì í kánjú, torí màlúù tó bá rù kò ní pa owó wọlé.

Ọmọṣẹ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n ń fi sẹ́yìn agbo, kó máa jẹ eruku láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Tílẹ̀ bá sì ṣú, iṣẹ́ kò tíì tán. Wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ń pín òru láti ṣọ́nà: ẹni méjì á máa gẹṣin yí agbo ká, wọ́n á máa kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ kí ọkàn ẹran lè balẹ̀. Bí ààrá bá sán, tí agbo bá ta gììrì, wọ́n gbọ́dọ̀ sáré ẹṣin nínú òkùnkùn biribiri kí wọ́n lè ṣẹ́rí àwọn tó wà níwájú. Ẹṣin tó bá ki ẹsẹ̀ bọ ihò lásìkò yẹn lè pa ẹni tó gùn ún. Odò tí wọ́n ń là kọjá tún máa ń gbé èèyàn lọ.

Fún gbogbo wàhálà yìí, dọ́là 25 sí 40 ni wọ́n ń gbà lóṣù. Owó alásè sábà máa ń ju tiwọn lọ! Ọ̀gá ló ni ẹṣin, gàárì nìkan ni tiwọn. Lọ́dún 1883, àwọn òṣìṣẹ́ igun àríwá Texas dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní dọ́là 50 làwọn fẹ́. Ó tún ń bí wọn nínú pé àwọn ọ̀gá kò gbà kí wọ́n ní màlúù tiwọn mọ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà kò yọrí sí rere.

Ìbọn ńkọ́? Àwọn kan ní in, àmọ́ ní Dodge City, ìlú ọjà màlúù kan ní Kansas, òfin kò gbà kí èèyàn máa gbé e kiri ìgboro. Láàárín 1870 sí 1885, gbogbo èèyàn tí wọ́n pa ní ìlú ọjà màlúù márùn-ún tó lókìkí jù ní Kansas jẹ́ 45. Nínú fíìmù kan ṣoṣo, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí fíìmù yọ kúrò ló ká mi lára jù. Ọwọ́ àwọn darandaran Mexico ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń fi okùn mú màlúù lórí ẹṣin. Àwọn onímọ̀ ìtàn sì gbà pé èèyàn dúdú lè tó ẹnì kan nínú mẹ́rin. Nígbà tí àwọn olówó wọn lọ sójú ogun, àwọn ẹrú ló ń tọ́jú ẹran ní Texas. Nígbà tí òmìnira dé ní June 1865, àwọn ló mọ iṣẹ́ náà, dandan sì ni kí wọ́n sanwó fún wọn. Bose Ikard, tí wọ́n bí ní ẹrú ní Mississippi, bá Charles Goodnight, ọ̀gá onímàlúù kan ní Texas, da màlúù. Òun ni Goodnight ń fi owó pa mọ́ sí lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, torí olè kò ní ronú pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Nígbà tí Ikard kú lọ́dún 1929, Goodnight ṣe òkúta sí sàréè rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sá fún iṣẹ́ rí.

Wáyà ẹlẹ́gùn-ún, tí Joseph Glidden gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí lọ́dún 1874, dí ilẹ̀ gbalasa pa. Ojú irin tún wọ Texas, dída ẹran gba ọ̀nà jíjìn sì kásẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ oko màlúù kò tán. Ní Montana àti Nebraska lónìí, àwọn kọ́bọ́ì ń tún ọgbà tó yí oko ká ṣe, wọ́n ń gbé koríko gbígbẹ fún ẹran nínú yìnyín. Lásìkò ìbímọ màlúù, wọ́n ń jí lóru láti yẹ àwọn abo wò, bí ọmọ bá sì há, àwọn ni wọ́n ń fà á jáde.