Àyòrò: ohun tó wà nínú omi ẹṣin tí ojú kò lè rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú pípe ohun tó ti yòrò sínú omi ní "ìdọ̀tí omi". Ohun tí àwọn oníṣẹ́ omi ń pè ní TDS, ìyẹn iyọ̀ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ti yòrò sínú omi, kì í ṣe ìdọ̀tí, orúkọ yìí sì ń ṣàkóbá fún àwọn ẹṣin etí òkun wa ní Àgbádárìgì. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ìdọ̀tí wà nínú omi rẹ̀, ojú ló máa fi wá a. Á bu omi sínú ife, á rí i pé ó mọ́ gaara, á sì gbé e fún ẹṣin. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, á sẹ́ ẹ, á da álọ́ọ̀mù sí i, tàbí kó sè é. Asẹ́ kò lè mú ohun tí à ń wí yìí, álọ́ọ̀mù kò lè mú un. Bí ẹ bá sì sè é, omi ló ń fà, òun ń ṣẹ́kù, ó wá ń pọ̀ sí i nínú ìwọ̀nba omi tó kù.

Èmi ń pè é ní àyòrò: ohun tó ti yòrò sínú omi. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń kọ "àyọ́". Mi ò fara mọ́ ọn. Òrí ló ń yọ́, àbẹ́là ló ń yọ́, iná ló sì ń yọ́ wọn. Ẹ gbé wọn kúrò nídìí iná, wọ́n á tún dì. Iyọ̀ tó wọnú omi kò wá iná kankan. Àwọn mìíràn ní "àwọn ohun líle tó tú ká sínú omi". Kí ló le níbẹ̀? Gbólóhùn lèyí, kì í ṣe orúkọ, ẹni tó ń pọn omi fún ẹṣin láàárọ̀ kùtù kò sì ní gbé e sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti àwọn tó ń pe lẹ́tà mẹ́ta òyìnbó náà bó ṣe wà, ẹ bi wọ́n pé kí ló túmọ̀ sí. Wọ́n á ní ìdọ̀tí ni.

Ẹ wo gàrí tí à ń mu. Ẹ bu omi sí i, ẹ bu ṣúgà sí i, ẹ rò ó. Gàrí á rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́, ojú ń rí i, ṣíbí lè kó o: gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Ojú kò rí ṣúgà mọ́, ahọ́n nìkan ló mọ̀ pé ó wà nínú gbogbo omi náà, lókè àti nísàlẹ̀. Ṣúgà yẹn ni àyòrò. Èdè wa ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tipẹ́. Ìkejì rẹ̀ ló yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀.

Ní Àgbádárìgì, òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì. Omi òjò tó wọnú yanrìn ló léfòó sórí omi iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, torí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ. Bí a bá ń fi ẹ̀rọ fà á jù, pàápàá lẹ́ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á gòkè tẹ̀ lé e. Kànga dẹ̀rọ tí omi rẹ̀ dára lásìkò òjò lè níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àwọ̀ rẹ̀ má sì yí padà rárá.

Omi tí àyòrò rẹ̀ kò tó 1,000 mílígíráàmù nínú lítà kan kò léwu fún ẹṣin ní ti àyòrò. Láti ibẹ̀ dé 3,000, ẹṣin tí irú omi bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ́ lára lè máa ṣu ìgbẹ́ rírọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Bó bá ju 3,000 lọ, ó lè kọ̀ ọ́. Bó bá kọjá 7,000, ẹ má gbé e síwájú rẹ̀. Ti omi òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35,000. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ọwọ́ gbá mú wà tó ń wọ̀n ọ́n. Yálà iyọ̀ òkun ni o, yálà ẹfun ni o, ẹ̀rọ náà kò ní yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹṣin tó dàgbà ń mu bíi lítà 25 sí 50 lóòjọ́, ó sì ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú tàbí bó bá ṣiṣẹ́. Bí omi kò bá dùn mọ́ ọn lẹ́nu, á ki ètè bọ̀ ọ́, á gbọ̀n ọ́n dànù, á gbórí kúrò. Koríko gbígbẹ àti eèrí tó jẹ á wá gbẹ nínú ìfun ńlá, á dí níbi tí ìfun náà ti ṣẹ́rí padà tó sì tín-ín-rín. Ẹṣin kò sì lè bì. Á máa fi pátákò walẹ̀, á máa bojú wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, á dùbúlẹ̀, á máa yí gbirigbiri. Inú rírun nìyẹn. Ẹ sáré pe dókítà ẹran. Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, ohun tí à ń rí ni ẹṣin tó ń wọ́ ẹsẹ̀, tí kò fẹ́ kí wọ́n gun òun. Àwọn kan á ní olóríkunkun ni, wọ́n á máa nà án. Ó ń dùn mí gan-an. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹran yẹn!

Wọ́n máa ń bi mí pé, ṣebí ẹṣin tó ń làágùn nílò iyọ̀? Òótọ́ ni, òógùn rẹ̀ níyọ̀ púpọ̀. Ẹ gbé iyọ̀ síbi tó ti lè lá a fúnra rẹ̀. Bó bá tó o, á fi í sílẹ̀. Àyòrò kò ṣeé fi sílẹ̀, bó ṣe ń mu omi náà ló ń mu ún. Bí kànga yín bá ti ń níyọ̀, ẹ fi omi òjò tí ẹ kó jọ sínú dúrọ́ọ̀mù là á, kí ẹ sì tún un wọ̀n kí ẹ tó gbé e fún un.