Ilẹ̀ Àṣìṣe: Nígbà Tí Irọ́ Méjì Bá Jẹ́rìí Fún Ara Wọn

Ìyá alájọ kan wà ní ọjà Kétu. Òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi, bẹ́ẹ̀ kò mọ nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ro owó ọjọ́ náà pọ̀, ó pé géérégé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí oníbàárà kan fi dé pẹ̀lú ariwo: 500 fáráǹkì òun ò sí nínú ìwé. A tú ìwé wò. Lóòótọ́, 500 náà ti bọ́ sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ọ̀kan lé, ọ̀kan dín, àròpọ̀ ò sì mọ̀.

Inú “àròpọ̀ ò sì mọ̀” yìí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní error floor wà. Èmi á pè é ní ilẹ̀ àṣìṣe.

Ohun tí fóònù tàbí sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́, òdo àti ení ni, tí à ń pè ní bíìtì. Ariwo ojú ọ̀nà lè sọ òdo di ení. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yan ẹlẹ́rìí tì wọ́n. Ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba bíìtì tó ń ṣọ́. Iye ení tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ pé ní méjì-méjì. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ẹlẹ́rìí á figbe ta. Robert Gallager ló gbé irú kóòdù yìí, LDPC, kalẹ̀ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1960. Ẹ̀rọ ìgbà náà ò lágbára tó o, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀ títí àwọn ọdún 1990 fi dé, nígbà tí Claude Berrou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brest, nílẹ̀ Faransé, gbé turbo code, irú kóòdù mìíràn tó ń tún àṣìṣe ṣe, jáde ní 1993.

Ẹwà LDPC ni pé ẹnikẹ́ni kì í dájọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bíìtì á sọ ohun tó rò pé òun jẹ́ àti bó ṣe dá a lójú tó. Ẹlẹ́rìí á fèsì. Bíìtì á tún èrò rẹ̀ ṣe. Wọ́n lè yí i ká nígbà ogún tàbí àádọ́ta.

Bí àmì bá ṣe ń lágbára sí i díẹ̀, àṣìṣe á máa já wálẹ̀ bí òjò lórí àpáta Ṣábẹ. Lójijì, ó rọra. Kì í dúró pátápátá o, ṣùgbọ́n agbára tí à ń fi kún un kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan mọ́. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ àṣìṣe.

Kí ló dé? Ẹ wo bíìtì márùn-ún tó ṣìnà pa pọ̀, tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta-mẹ́ta ń ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n lè so kọ́ra débi pé ẹlẹ́rìí mẹ́sàn-án péré ló kàn wọ́n: mẹ́fà rí àṣìṣe méjì-méjì, mẹ́ta rí ẹyọ kan. Àwọn mẹ́fà dákẹ́, nítorí àṣìṣe méjì ti bo ara wọn mọ́lẹ̀, bíi 500 ìyá alájọ. Mẹ́ta ń pariwo. Ṣùgbọ́n bíìtì tí ariwo náà kàn gbọ́ “o ṣìnà” lẹ́nu ẹyọ kan, ó gbọ́ “o tọ̀nà” lẹ́nu méjì. Ta ni yóò gbà gbọ́? Bíìtì méjì tó kù nínú márùn-ún ò tilẹ̀ gbọ́ ariwo kankan. Kí wọ́n yí i ká nígbà ọgọ́rùn-ún, ibi kan náà ni wọn yóò wà. Onímọ̀ kóòdù Tom Richardson pe irú ẹgbẹ́ yìí ní trapping set ní 2003; pàkúté ni lóòótọ́. Ti turbo code yàtọ̀ díẹ̀: ohun tó sábà ń fà á níbẹ̀ ni pé àwọn ìtò bíìtì kan tí kóòdù gbà pé ó tọ́ jọra jù.

Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe ká gbóhùn sókè, bí a ti máa ń ṣe lórí fóònù. Wọ́n lè to ìsopọ̀ bíìtì àti ẹlẹ́rìí kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ má fi rí ara wọn. Wọ́n sì lè fi aṣọ́nà kejì sẹ́yìn. Ohun tí DVB-S2, ìlànà tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì, ṣe nìyẹn: LDPC ló ṣíwájú, kóòdù mìíràn tó ń jẹ́ BCH tẹ̀ lé e. Nínú ìdì tó gùn tó bíìtì 64,800, BCH yìí lè tún bíìtì 8 sí 12 ṣe. Márùn-ún wa òkè yẹn ò tó nǹkan lójú rẹ̀.

Wàhálà gidi wà nínú ibi ìpamọ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè pé kí àṣìṣe má ju bíìtì kan nínú 1,000,000,000,000,000 lọ. Bí ẹ̀rọ kan bá ń dán bíìtì mílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò lo ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kí ó tó rí ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá pàkúté náà nínú àwòrán ìsopọ̀, dípò kí wọ́n jókòó de àṣìṣe.