Ṣé dandan ni kí á fi èròjà sí omi táǹkì ẹja cichlid?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹja mbuna, irú cichlid kan, sí táǹkì mi ní Tanke ní Ìlọrin, omi bóòhóòlù sì ni mò ń lò. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní kí n ra oògùn tó ń gbé pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí kò kan sí) sókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ó kú. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì náwó. Adágún Màláwì ni mbuna ti wá, pH omi ibẹ̀ sì wà láàárín 7.7 sí 8.6. Ti adágún Tanganyika ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń sún mọ́ 9. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà, inú táǹkì ni wọ́n bí wọn sí. Omi tó ń yí padà lójijì ló máa ń pa wọ́n, ju omi tí pH rẹ̀ fi díẹ̀ lọ sílẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Mo wọn omi náà bí mo ṣe pọn ọ́n tán, 6.6 ni.

Ìdáhùn: Ẹ ti yá jù. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde máa ń gbé carbon dioxide dání, gáàsì náà ló ń fa pH wálẹ̀. Ẹ bu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ki ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tún un wọ̀n.

Ẹ wọn KH pẹ̀lú, ìyẹn ìwọ̀n èròjà carbonate inú omi. Èmi á tiẹ̀ ní kí ẹ kọ́kọ́ wọn òun, torí òun ló ń di pH mú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú fílítà tó ń sọ ìdọ̀tí ẹja di nitrate, KH ni wọ́n ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Tó bá tán, pH á já wálẹ̀ láàárín òru. Orí àpáta líle bíi ti Òkè Sóbì ni Ìlọrin wà, irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í sì yòrò bọ̀rọ̀, kò ní yà mí lẹ́nu bí KH yín bá kéré. Síbẹ̀ bóòhóòlù ilé kejì lè má bá tiyín mu rárá.

Bí KH bá ti tó dígírì 5, tó sì dúró síbẹ̀, ẹ fi omi yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí kò bá tó, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ, ẹ ra ìkarahun fífọ́. Ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ dì í sínú àpò àwọ̀n, ẹ tì í sínú fílítà. Bí omi bá ṣe ń kan sí i ló máa ń yòrò, kò sì ní bá ẹja lójijì.

Ìbéèrè: Ìyá mi ní kí n fi káún sí i.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá, ṣùgbọ́n kí káún dúró sínú ẹ̀wà. A kò mọ agbára èyí tí wọ́n wọ̀n fún wa lọ́jà, pH á sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan. Bí pH bá sì ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni amóníà tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja jáde sínú omi ń le sí ẹja. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan tó yá ju ìkarahun lọ, baking soda ni: ṣíbí tíì kan sí lítà 50 ń gbé KH sókè ní nǹkan bíi dígírì 4. Ẹ pín in sí ọjọ́ mélòó kan.

Ìbéèrè: Tí omi ẹ̀rọ ìjọba bá wá ń yọ, tí mo fẹ́ lò ó ńkọ́?

Ìdáhùn: Klórínì ni ẹ ó kọ́kọ́ bá jà níbẹ̀. Ẹ ṣí omi náà sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ kan, tàbí kí ẹ fi sodium thiosulphate, èròjà tó ń pa agbára klórínì, sí i. Ohun tí mi ò fẹ́ ni omi ẹ̀rọ lónìí, bóòhóòlù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti mẹ́ruwà lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ mú ọ̀kan.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ní kribensis. Ṣé kóun náà fi ìkarahun sí tiẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Cichlid Áfíríkà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n odò gúúsù Nàìjíríà níbí ló ti wá. Omi tí kò le ló mọ́ ọn lára.