Ẹ Yà Á, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Yọ Orúkọ Ẹni Tó Ṣe É

Nínú iṣẹ́ fọ́tò tí mò ń ṣe yìí, ohun táwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni pé ṣé kò sí wàhálà téèyàn bá ya ère tó wà lójú títì, tàbí àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńtì yà sára ògiri abẹ́ bíríìjì, tó gbé e sórí Instagram, tó tún wá tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà tàbí tíṣáàtì tó ń tà á. Ẹlòmíì á ti dá ara ẹ̀ lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀, á ní ìta gbangba ṣáà ló wà, ta ló fẹ́ mú mi. Èmi ò fara mọ́ ọn. Pé nǹkan wà níta gbangba ò ní kó má ní ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tòfin ná. Òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ tẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ ní lórí iṣẹ́ ẹ̀, ti 1988 àti tuntun ti 2022 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, gbà wá láyè ká ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ọnà tí wọ́n bá gbé síbi tí ará ìlú ti lè rí i, ká sì pín ẹ̀dà náà, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa wà títí. Ẹ wo ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe sí iwájú ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní Marina l'Ékòó ní 1964, ẹni tó ń kọjá lọ lè yà á, kò sẹ́ni tó máa gba kámẹ́rà ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òfin yìí. Àmọ́ àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ sí gálárì fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó tà á, ìyẹn ò sí nínú àyè yẹn rárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó yọ fóònù. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ni pé kọ́píráìtì Enwonwu ò tíì tán o. Ó kú ní 1994, òfin sì fi 70 ọdún lé e, ìyẹn ni pé ó di ìparí 2064. Àyè lásán ni wọ́n fún wa láti ya iṣẹ́ náà, wọn ò fi jìn wá.

Tẹ́ ẹ bá wá rìnrìn àjò, ẹ má rò pé òfin ibí lẹ máa bá níbẹ̀. Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London tó dàgbà l'Ékòó, ṣe ọkọ̀ ojú omi Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, sínú ìgò ńlá, ìgbòkun ẹ̀ dà bí ankara tí ìyá wa ń ró. Trafalgar Square, gbàgede kan ní London, ló kọ́kọ́ wà láti 2010 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2012, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé sórí pèpéle ibẹ̀ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé òmíì dípò wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e lọ sí mùsíọ́mù ọ̀rọ̀ òkun ní Greenwich, ibẹ̀ ló wá kúkú jókòó sí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba yíya ère àti ilé tó wà títí níbi tí èrò ń dé, kò fàyè gba àwòrán ara ògiri bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ọkọ̀ kan náà, fọ́tò kan náà, ibi tí wọ́n gbé e sí ló yí ọ̀rọ̀ padà.

Ti Amẹ́ríkà le jù. Ìlú Washington ní ère sójà 19 tí Frank Gaylord ṣe fún ìrántí ogun Korea. Ẹnì kan lọ yà wọ́n nígbà tí yìnyín bò wọ́n, fọ́tò tó rẹwà gan-an ni, pósọ́fíìsì ìjọba sì san owó fún un, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára sítáǹpù ní 2003. Kò sẹ́ni tó lọ bá ẹni tó ṣe ère. Gaylord gbé ìjọba lọ sí kóòtù, ní 2013 kóòtù ní kí wọ́n san ohun tó lé ní $684,000 fún un. Ẹni tó ya fọ́tò gba owó, tí ẹni tó ṣe ère ò gba kọ́bọ̀ títí ó fi délé ẹjọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò ná, kò dáa.

Ibi tó wá ká mi lára jù ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ogún àgbáyé ní 2005. Òfin ò le lórí yíyà á, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ju òfin lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo fọ́tò tí mò ń rí, "Susanne Wenger" nìkan ni wọ́n ń kọ sábẹ́ ẹ̀. Òótọ́ ni, Wenger, òyìnbó tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ṣiṣẹ́ ńlá lórí àwọn ère inú igbó náà, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló po síméńtì o! Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta wà níbẹ̀, Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi náà wà níbẹ̀. Téèyàn bá ya òpó igi tí Àkàngbé gbẹ́ tó wá kọ orúkọ Wenger sí i, irọ́ ló pa yẹn, kódà bí kò mọ̀. Ẹ bi àwọn tó ń mú èèyàn yíká, wọ́n máa sọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó jẹ́ fún yín.

Ìkejì, ojúbọ ni. Àwọn èèyàn ń wá síbẹ̀ wá tọrọ ọmọ, wọ́n ń wá sọ ìṣòro wọn létí odò. Àyè tí òfin fún wa lórí ère ò kan ojú obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú ère náà. Ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ẹ dúró kó parí, tàbí kẹ́ ẹ kí i kẹ́ ẹ sì bi í pé, "Ẹ kú ìwúre o Mà, ṣé ẹ gbà ká yà yín?" Tó bá ní rárá, rárá náà nìyẹn. Tí ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ bá tún ní ẹ má ya apá ibì kan, ẹ má fi lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan mọ́ra jí i yà láti ọ̀ọ́kán.

Ó yá, ká bọ́ sí ògiri. Àwọn tó ń ya àwòrán sára ògiri l'Ékòó sábà máa ń kọ orúkọ wọn sí igun ìsàlẹ̀, nígbà míì pẹ̀lú àdírẹ́sì Instagram tàbí nọ́ńbà fóònù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹrọ̀fọ̀ gọ́tà ń ta sí yẹn gan-an. Èmi, kí n tó ya àwòrán náà fúnra ẹ̀, màá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ya igun yẹn, kó má baà di pé mo délé mi ò mọ ẹni tó ni ín. Tí mo bá sì ń gé fọ́tò, mi ò kì í gé orúkọ yẹn sọnù, tí kò bá ṣeé ṣe kó wọlé, màá kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ lábẹ́ fọ́tò. Kì í ṣe oore o, òfin wa gan-an fún oníṣẹ́ ọnà lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n dárúkọ òun, ó sì tún lè bínú tí wọ́n bá ba iṣẹ́ òun jẹ́, torí náà ẹ rọra pẹ̀lú fílítà tó ń sọ búlúù di pọ́pù.

Ní ti títà, èrò tèmi le díẹ̀ ju tòfin lọ. Tí fọ́tò bá ní ọjà, ọkọ̀ dáńfó, èèyàn, òjò, tí àwòrán ògiri kàn wà lẹ́yìn wọn, iṣẹ́ tèmi pọ̀ níbẹ̀, mo lè tà á. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé mo kàn dúró gbagidi síwájú ògiri tí mo ya àwòrán náà láti igun dé igun, kí ni mo fi kún un? Ìyẹn, mi ò ní tà á láìpe ẹni tó yà á, ká jọ sọ iye tó máa kàn án, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpolówó ọjà tún burú jù, torí tí kọ́sítọ́mà bá ní kí n gbé páálí indomie síwájú iṣẹ́ ẹlòmíì, àwọn tó bá rí i á rò pé oníṣẹ́ náà ló ń bá wọn polówó.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí orúkọ ti parẹ́, ẹ bi ìyá tó ń ta ọsàn nítòsí, ẹ bi àwọn fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àwọn ló ń wo ayàwòrán yẹn nígbà tó wà lórí àkàbà. Tí wọn ò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò yín gbangba pé "A ń wá orúkọ ẹni tó ya àwòrán yìí", kẹ́ ẹ sì wá tún un ṣe lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá sọ ọ́.