Káàdì Dọ́là Márùn-ún: Bí Ọmọ Ẹgbẹ́ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Yan Aṣáájú Fúnra Wọn ní Kánádà

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1992, wọ́n ka ìbò tán ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà. Nancy Betkowski ní 16,393. Ralph Klein ní 16,392. Ìbò ẹyọ kan péré! Ká ní òtútù mú kí ẹnì kan ṣoṣo lára àwọn èèyàn Betkowski fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀mì ni wọn ì bá ta.

Ìdìbò yẹn kì í ṣe ti gbogbo ìlú o. Ẹgbẹ́ Progressive Conservative, tó ti ń ṣèjọba Alberta láti ọdún 1971, ló ń wá ẹni tí yóò rọ́pò Don Getty, aṣáájú wọn tó ń fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé yìí ni yóò di Pírẹ́míà, kí ará ìlú tó rí ìwé ìdìbò kankan. Àwọn àgbà wa tó gbé ayé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn mọ ètò yìí dáadáa. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírẹ́míà sílẹ̀ ní ọdún 1959 tó kọrí sí ilé aṣòfin àpapọ̀, kò sẹ́ni tó pe ará Ìbàdàn tàbí ará Oǹdó wá tò sórí ìlà kí Akíntọ́lá tó gorí àga. Inú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti parí ẹ̀. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni àwa àti Kánádà ti jọ gba àṣà náà: ẹni tó bá ń darí ẹgbẹ́ tí aṣòfin rẹ̀ pọ̀ jù ló ń ṣèjọba. Ohun tó wá kù ni pé, ta ló láṣẹ láti yan ẹni tí yóò darí ẹgbẹ́?

Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ń yàn án. Wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á fẹnu kò. Ikú Wilfrid Laurier ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ó ti darí ẹgbẹ́ Liberal ti gbogbo Kánádà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó kú ní oṣù Kejì ọdún 1919. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ẹgbẹ́ kó délígéètì jọ sí Ottawa láti gbogbo ẹkùn ìdìbò, wọ́n dìbò léraléra, Mackenzie King sì já ipò náà gbà mọ́ William Fielding lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó múlé tì wọ́n ni wọ́n ti rí irú àpérò bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù tẹ̀ lé wọn, àwọn ẹ̀ka ìpínlẹ̀ náà ò sì gbẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, délígéètì lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kò yẹ kí n máa ṣàlàyé délígéètì fún ọmọ Nàìjíríà. Èèyàn díẹ̀ ni, orúkọ wọn wà lórí ìwé, ilé wọn ò pamọ́, ọwọ́ sì tètè ń tó wọn. Ti Kánádà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ dọ́là inú àpò ìwé. Ibi tí wọ́n ti ń yan délígéètì gan-an ni wọ́n ti ń dárà, lẹ́kùn ìdìbò. Ẹni tó bá kó èrò wá sípàdé kékeré yẹn ló ni délígéètì ibẹ̀. Ní Montreal ní ọdún 1983, nígbà tí ẹgbẹ́ Progressive Conservative ti gbogbo orílẹ̀-èdè ń wá aṣáájú, wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọkùnrin tí kò nílé, tí wọ́n ń sùn sí ilé àánú, wá dìbò yan délígéètì. Àwọn oníròyìn rí wọn, ìtàn náà ò sì parun títí dòní.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Québec sọ pé àwọn ò ṣe délígéètì mọ́.

Parti Québécois lorúkọ ẹgbẹ́ náà. Ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń wá ni kí Québec dá dúró. Owó kékeré kékeré látọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n sì dórí àlééfà, wọ́n ṣòfin ní ọdún 1977 pé ilé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú lówó mọ́, àfi olùdìbò fúnra rẹ̀. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe èrò ẹ̀yìn. Ní ìparí ọdún 1981, àpérò ẹgbẹ́ gbé ìpinnu kan kalẹ̀ tó bí René Lévesque, tó jẹ́ aṣáájú àti Pírẹ́míà, nínú gidi. Kò bá àwọn délígéètì jiyàn títí. Ó fo orí wọn kọjá, ó ní kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nílé wọn, kí wọ́n sọ bóyá àwọn wà lẹ́yìn òun. Nǹkan bí márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó fèsì ló ní àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ò ní in lọ́kàn láti dá àṣà kankan sílẹ̀, ìbínú ló lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bi ọmọ ẹgbẹ́ léèrè lẹ́ẹ̀kan, báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ mìíràn pé ọ̀rọ̀ ò kàn án?

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1985, Lévesque kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jáde wá dìbò ní ẹkùn kálukú wọn, ìbò kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kan. Èèyàn mẹ́fà ló jáde. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, àwọn tó dìbò lé ní 97,000, Pierre-Marc Johnson sì gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìbò náà. Pauline Marois ló ṣìkejì, òun tó wá di Pírẹ́míà Québec ní ọdún 2012. Lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹwàá, wọ́n búra fún Johnson. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kejìlá, ará ìlú dìbò, wọ́n sì lé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò lórí àga. Kò ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ tó fi ṣe Pírẹ́míà. Síbẹ̀, ọ̀nà tó gbà wọlé ló bí gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn Québec, kálukú ń gbìyànjú tiẹ̀. Ẹgbẹ́ Liberal ní Nova Scotia ní àwọn á fi tẹlifóònù dìbò: jókòó sílé, tẹ nọ́ńbà, tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ, ó ti parí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 1992, àwọn olùdíje àti àwọn èèyàn wọn péjọ sí Halifax, kámẹ́rà dúró, gbogbo ìpínlẹ̀ ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìpè wá wọlé ju èyí tí ẹ̀rọ lè gbà lọ, ẹ̀rọ sì kọṣẹ́. Wọ́n dúró títí, ojú ti àgbà àti ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tó tún un ṣe, John Savage sì wọlé. Ó di Pírẹ́míà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sí Alberta, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fa okùn yìí débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Ní Québec, ọmọ ẹgbẹ́ ló dìbò. Ní Alberta, ẹnikẹ́ni tó bá ní dọ́là márùn-ún lápò ni. Ẹ fojú inú wo gbọ̀ngàn àdúgbò kan, tábìlì alágbèéká kan, àti àpótí owó kékeré lórí ẹ̀. Wàá fi dọ́là márùn-ún lélẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ, wọ́n á já káàdì fún ọ, o ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Wàá rìn dé tábìlì kejì, wọ́n á fún ọ ní ìwé ìdìbò. Tó o bá jáde, kò pọn dandan kó o tún ronú kan ẹgbẹ́ náà mọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́jú méjì ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ́ alátakò ò gbẹ́yìn níbẹ̀, wọ́n ń ra káàdì ẹgbẹ́ tí wọn kì í dìbò fún.

Òfin wọn tún ní gbólóhùn kan nínú: bí ẹnikẹ́ni ò bá ní ju ìdajì ìbò lọ, kí àwọn tó ṣíwájú padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Títa káàdì ò sì ní dúró ní ọ̀sẹ̀ náà. Ìyẹn ló gba Klein là. Betkowski ti ṣe mínísítà ìlera, púpọ̀ nínú àwọn ẹni ńlá ẹgbẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Klein ti ṣe olórí ìlú Calgary, ọ̀rẹ́ mẹ̀kúnnù ni, kì í tijú láti mutí ní gbangba. Láàárín ọjọ́ méje, àwọn èèyàn rẹ̀ ta káàdì bí ẹní ń ta ẹ̀pà. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá, ìbò tó lé ní 52,000 lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ti di nǹkan bí 78,000. Klein ní 46,245, Betkowski ní 31,722. Ìbò kan ló fi gbẹ́yìn ní Satidé kan, nígbà tó di Satidé kejì ó ti fi èyí tó lé ní ẹgbàá méje ṣíwájú. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi jókòó sórí àga náà.

Nígbà tí òun náà máa lọ ní ọdún 2006, iye tó dìbò kẹ́yìn tó nǹkan bí 144,000. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní kí olùdìbò tọ́ka sí ẹni tó fẹ́ jù, kó sì tọ́ka sí ẹni tó lè gbà bí tàkọ́kọ́ bá já. Jim Dinning, tó ti ṣe mínísítà ìṣúná, ló ń ṣíwájú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ted Morton, tí àwọn tó ń fẹ́ ìjọba tó le fẹ́ràn, ló ṣìkejì. Ed Stelmach, àgbẹ̀ láti apá àríwá ìlà oòrùn Edmonton, wà nípò kẹta, jìnnà réré, pẹ̀lú ìbò tí ò tó 15,000. Ṣùgbọ́n àwọn Dinning ò lè fojú rí Morton, àwọn Morton ò sì lè fojú rí Dinning. Stelmach ò bá ẹnikẹ́ni jà. Lọ́sẹ̀ kejì ó fi 482 péré ṣíwájú Dinning. Nígbà tí wọ́n pín ìbò Morton sí ẹni tí kálukú tọ́ka sí ṣìkejì, Stelmach ló gbégbá orókè.

Wọ́n tún ṣe é ní ọdún 2011. Gary Mar ṣíwájú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ohun tó lé ní ìlọ́po méjì ìbò Alison Redford. Redford ṣèlérí láti dá owó tó tó mílíọ̀nù 107 dọ́là padà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ sì gbọ́. Ó fi 37,101 na Mar tó ní 35,491, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe Pírẹ́míà ibẹ̀. Àwọn tó ti ń gbé ẹgbẹ́ náà lérí láti ogún ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àlejò ló ń yan baálé fáwọn. Èmi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ìbò fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọjọ́ kan wà tí wọ́n á ti títa káàdì pa, bó bá tiẹ̀ jẹ́ oṣù kan ṣáájú. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ náà padà sí délígéètì. Jason Kenney gbà á, ó sì da ẹgbẹ́ náà pọ̀ mọ́ Wildrose, ẹgbẹ́ tó ti ń bá a figagbága, láàárín ọdún kan náà.

Ní Ontario, ìṣòro tiwọn yàtọ̀. Wọn ò fẹ́ kí Toronto nìkan máa yan aṣáájú, torí náà ẹgbẹ́ Progressive Conservative ibẹ̀ fún ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan tí olùdìbò rẹ̀ bá ti tó 100 ní àmì 100, èrò ì báà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí 200 èèyàn bá ti dìbò, ìbò kan jẹ́ ìdajì àmì. Ibi tí 1,500 bá ti dìbò, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa kóra jọ kí àmì kan tó jáde. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 2018, èrò kún gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Markham láti gbọ́ èsì. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, àríyànjiyàn lórí àwọn ìbò kan ò jẹ́ kí wọ́n kéde. Nígbà tó yá, ẹnì kan gorí pèpéle, ó ní àkókò tí àwọn fi gba gbọ̀ngàn ti pé, kí wọ́n jọ̀ọ́ máa lọ sílé. Ilẹ̀ ti ṣú gan-an kí wọ́n tó kéde pé Doug Ford ló wọlé. Christine Elliott ní ìbò jù ú, ó sì borí nínú ẹkùn tó pọ̀ ju tiẹ̀ lọ. Àmì ló fi gbẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì ó gba èsì náà bẹ́ẹ̀.

Betkowski ò gbà bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún. Ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó wá ń jẹ́ Nancy MacBeth, ó sì di aṣáájú ẹgbẹ́ Liberal ti Alberta ní ọdún 1998 láti wá kojú Klein. Klein tún nà án ní 2001. Elliott dúró. Ford di Pírẹ́míà ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, ó sì fi í ṣe igbákejì rẹ̀ àti mínísítà ìlera.