Ilé igi àti ṣọ́ọ̀ṣì Cades Cove: ṣé àlejò yóò san 100 dọ́là lóòótọ́?

Ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé láti oṣù kìíní 2026, àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè yóò máa san 100 dọ́là lé owó ìwọlé ní àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ kan. Ìkéde náà ti kó ìdààmú bá àwọn tó fẹ́ mú òbí wọn tó wá kí wọn láti ilé lọ wo Cades Cove, àfonífojì tí ilé igi àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà, nínú ọgbà Great Smoky Mountains ní ìpínlẹ̀ Tennessee.

Ṣé ó kan Cades Cove?

Rárá. Ọgbà 11 ló kàn, Great Smoky kò sí lára wọn.

Kí ló dé?

Ọgbà yìí kì í gba owó ìwọlé. Nígbà tí Tennessee fa títì tó la òkè náà kọjá lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ ní 1951, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá.

Owó wo wá ni wọ́n ń gbà níbẹ̀?

Owó páàkì. Láti oṣù kẹta 2023, ọkọ̀ tó bá máa dúró ju ìṣẹ́jú 15 lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé páàkì: 5 dọ́là lójúmọ́, 15 lọ́sẹ̀, 40 lọ́dún. Orí ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà á lé, kì í ṣe orí èèyàn. Ìwé ọlọ́dọọdún tí ẹ fi ń wọ àwọn ọgbà yòókù kò bo owó yìí o.

Ta ló kọ́ ilé igi náà?

John Oliver àti Lurena ìyàwó rẹ̀, ní nǹkan bí 1822. Wọ́n gbẹ́ etí ìtì igi kí wọ́n lè há mọ́ra wọn ní igun ilé. Kò sí ìṣó níbẹ̀, ìwúwo igi ló dì í mú. Amọ̀ ni wọ́n fi dí àlàfo kí òtútù má baà wọlé.

Ṣé àwọn ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀?

Rárá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ilẹ̀ àwọn Cherokee ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Tọkọtaya náà dé ní 1818, ọdún kan kí àdéhùn tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Cherokee tó wáyé. Ìtàn ìdílé Oliver fúnra rẹ̀ sọ pé elégédé gbígbẹ tí àwọn Cherokee fún wọn ni kò jẹ́ kí ebi pa wọ́n kú ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́. Ní 1838, ìjọba fi sójà lé ọ̀pọ̀ Cherokee kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ibẹ̀ di ọgbà, ó kan àwọn ọmọ Oliver náà. John W. Oliver, tó jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn ìjọ, jà ní kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n má baà gba ilẹ̀ rẹ̀, kó tó kó jáde ní 1937. Ìyà méjèèjì kò dọ́gba, torí wọ́n sanwó fún Oliver. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jẹ́ àdáyébá nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ẹ ó bá níbẹ̀. Wọ́n kó èèyàn kúrò ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kí n wọ̀?

Mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Bí àyè kò bá gbà yín, ẹ wọ ti Primitive Baptist. Ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1827, ilé tó wà lónìí jẹ́ ti 1887. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé ìjọ: ẹ̀yìn ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n wà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ láti Gúúsù, tó ń bá ìjọba náà jà, sì lágbára jù wọ́n lọ. Ibojì Russell Gregory, ará Cades Cove tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ láti North Carolina pa ní 1864, wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ẹni tó pa á sára òkúta. John àti Lurena náà sùn síbẹ̀.

Ti Mẹ́tọ́díìsì, tí wọ́n kọ́ ní 1902, ní ilẹ̀kùn méjì níwájú. Àwòrán ilé ìjọ mìíràn, tó ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin, ni wọ́n yá lò. Àwọn ará ibí kì í jókòó bẹ́ẹ̀.

Ṣé a lè wọlé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tàbí bírò kọ orúkọ yín sára ògiri, bí ẹ tilẹ̀ rí ti ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni, igi igba ọdún kò sì ṣeé rọ́pò.

Béárì ńkọ́?

Wọ́n wà níbẹ̀. Òfin ní kí ẹ jìnnà sí wọn ní ó kéré tán mítà 45. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ.

Ìgbà wo ló dára láti lọ?

Ọ̀nà náà jẹ́ máìlì 11, apá kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń gbà, súnkẹrẹ fàkẹrẹ sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́wọ́ yín. Ẹ tètè jáde láàárọ̀. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọ̀ ọ́ ní ọjọ́rú. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan ló ni ọjọ́ yẹn. Bí Màmá bá ń bọ̀ pẹ̀lú yín, ẹ mú ọjọ́ mìíràn.