Àbùlẹ̀ ni wọ́n ń rán mọ́ ìwé ilẹ̀, wọn kì í pa á rẹ́

Èèyàn ra ilẹ̀ lọ́nà Ẹdẹ ní Ilé-Ifẹ̀, ìwé ti ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ní Òṣogbo dé, ló bá rí i pé Oyèníyì ti di Oyèníran. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó lọ búra ní kóòtù, kó so ìwé ìbúra mọ́ ọn, ó parí. Kò parí rárá! Ẹni méjì ló ṣàdéhùn nínú ìwé yẹn, ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé ìbúra. Ó lè ṣàlàyé bí àṣìṣe ṣe wọlé, kò lè yí ohun tí ẹni méjì fọwọ́ sí padà.

Ìwé àtúnṣe ni lọ́yà máa kọ. Á dárúkọ ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà, ojú ewé àti ìdìpọ̀ tó wà (ìwé ńlá tí ọ́fíìsì náà ń kó wọn pọ̀ sí), á tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà, á kọ èyí tó tọ́, àwọn méjèèjì á sì tún fọwọ́ sí i kó tó lọ gba òǹtẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ìwé àtijọ́. Bí ìyá àgbà ṣe ń lẹ aṣọ òfì ni: kì í torí ihò kan tú gbogbo òwú. Á rán àbùlẹ̀ lé e, ihò á sì wà lábẹ́. Ẹni tó bá yí aṣọ sódì á rí bí ihò ṣe tó, á rí òwú tí wọ́n fi rán an, á mọ̀ bóyá àbùlẹ̀ náà fẹ̀ ju ohun tó ya lọ. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ká ní pípa ni wọ́n ń pa á rẹ́ ni, ẹni tó bá mọ akọ̀wé kan lè sùn láìnílẹ̀ kó jí ní onílẹ̀.

Tó bá jẹ́ nọ́ńbà sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà, ni wọ́n ṣì kọ, kò le. Àmọ́ tí sọ́fè fúnra rẹ̀ bá ṣì, awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sídìí píílà tí wọ́n rì sí ààlà ilẹ̀. Bí ìlà tuntun bá wọ ilẹ̀ aládùúgbò, kì í ṣe àṣìṣe ìkọ̀wé mọ́, ìjà ààlà ni.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí. Ilẹ̀ ẹbí pọ̀ ní Ifẹ̀, olórí ẹbí tó fọwọ́ sí i sì lè ti papò dà. Àwọn tó jókòó sípò rẹ̀ ló kù láti bẹ̀, àwọn mìíràn á sì béèrè owó tuntun. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga lè pàṣẹ àtúnṣe náà. Àṣẹ ọ̀hún á tún wọ ìdìpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, àbùlẹ̀ mìíràn lórí aṣọ kan náà.